Ẹ̀ṣẹ́ Tó Dé

Ogún èèyàn ló gbọ́dọ̀ kú kí adé tó kan ọmọkùnrin náà. Ọmọ àbúrò bàbá ọba ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ni pé ó bá ọba tan dáadáa, àmọ́ irú ìbátan tí wọ́n máa ń tò sí ìlà ẹ̀yìn ni bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, tí fìlà ẹlòmíì á sì bo ìdajì ojú rẹ̀. Ní gbọ̀ngán tó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, Kọkànlélógún ni wọ́n ń pè é. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà ni nǹkan kan tí ààfin kò fọwọ́ sí kó tó di tòun.

Obìnrin tó ni ìtàn yìí kò mọ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé wọn. Píánò ló wá tún ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: a máa gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká láti ilé kan dé ìkejì, a máa fún wáyà píánò, a máa dẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ohùn á fi bá ara wọn mu. Elétí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé kò sí àṣìṣe tó kéré jù fún etí rẹ̀. Nínú píánò, òòlù kéékèèké ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn dì lórí. Béèyàn bá tẹ eyín píánò, òòlù á lu wáyà. Òòlù tó bá ti ń ṣe ojú ayé kì í dé ibi wáyà tán. Ohùn á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà kò ní lára, á ṣófo. Elétí lè wà ní yàrá kejì kó gbọ́ ọ.

Ó ṣí ìdérí píánò ilé náà, ó bá òòlù mẹ́ta tó ti kán. Ó pòṣé.

"Ta ló ń lu píánò yìí?"

"Èmi ni," ọkùnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà dáhùn. Ó ga, imú rẹ̀ tọ́, ojú rẹ̀ dán bí ojú ọmọ tuntun. "Ṣùgbọ́n títẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ nà án. Kí ló fi ṣe yín?"

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni wáyà tí Elétí ń fún já. Ó ta jáde, ó ya ọwọ́ obìnrin náà láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn sórí eyín píánò. Ọkùnrin náà kò pariwo, kò sì sá kiri wá omi. Ó fa bánńdéèjì gígùn kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà: ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta lọ́rùn ọwọ́, ó gbà á láàárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó tún yí i sórí oríkèé ìka. Ara Elétí tutù.

"Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ báyìí?"

"Kóòṣì mi ni."

"Bàbá mi nìyẹn," ó ní, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò láìparí iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú sójú ìjà. Bàbá wọn ló kọ́ ẹ̀gbọ́n náà ní ẹ̀ṣẹ́. Elétí jókòó níwájú pátápátá lọ́jọ́ náà, ó sì gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ tó pa á, lẹ́bàá etí òsì, ohùn kan tó rọ̀, tó sì rin, bí ìgbà téèyàn bá ju ẹran sórí pákó. Láti ìgbà náà kò tíì gbé ẹsẹ̀ wọ gbọ̀ngán. Ó búra pé òun ò ní fẹ́ ẹni tó ń jà. Àmọ́ ìfẹ́ kì í béèrè ìbúra ẹni kó tó wọlé.

*

Alárinà wọn ni ọkùnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Alábẹ́rẹ́. Òun ló máa ń rán ojú àwọn akànṣẹ́ tó bá ya, nígbà ìsinmi láàárín abala ìjà kan sí ìkejì. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Elétí.

"Ọmọ ọba ní kí n bi ẹ́ bóyá ọgbẹ́ ẹ ti jinná."

"Ẹ sọ fún un pé ó ti jinná."

"Jẹ́ n sọ pé kò tíì jinná. Bó bá ti jinná, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, èmi náà ò sì ní rí ibi rìn dé mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ náà kò jinná fún oṣù mẹ́rin. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni píánò ilé náà ń bàjẹ́. Kọkànlélógún á tẹ orin fún un, ìka rẹ̀ tó nípọn á máa rìn jẹ́jẹ́ lórí eyín píánò, Elétí á máa wò ó, á máa ronú pé ọwọ́ yìí kan náà ló fọ́ àgbọ̀n ọmọ ọlọ́mọ lóṣù tó kọjá. Ẹ̀rù á bà á. Ìfẹ́ náà á sì tún pọ̀ sí i, kò mọ èyí tó ń bí èkejì nínú wọn.

Ìyá ọmọkùnrin náà, opó tí ọba yá nílé gbé, ló kọ́kọ́ fura. Ó pe Elétí sí pálọ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Mò ń rí ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Píánò wo ló ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ọmọ yín ló ń bà á jẹ́, Mà."

"Mo mọ̀ pé ó ń ba nǹkan jẹ́." Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́. Ilé yìí, ọba ló ni ín. Àga tí o jókòó lé yẹn, ọba ló ni ín. Bó bá dé etígbọ̀ọ́ ààfin pé ọmọ mi fẹ́ gbé ọmọ kóòṣì níyàwó, ọjọ́ náà la máa kó ẹrù wa síta. Mi ò kórìíra ẹ o. Ìta ni mo kórìíra."

Nílé tirẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Kóòṣì gbọ́, ó fi ìkúùkù lu tábìlì, kọ́ọ̀pù mẹ́ta fò ṣubú, wọ́n fọ́.

"Ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ ìjà ò ní fẹ́ ọmọ mi. Mo ti sin ọ̀kan."

"Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń kọ́ ọ, Bàbá."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Elétí kó ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ bá Kọkànlélógún, ó bi í pé kí ló dé tí kò lè fi ìjà sílẹ̀ kí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀.

"Mo ti ja mẹ́jọ, mo borí mẹ́jọ," ọkùnrin náà ní. "Méjì ló kù kí n gba bẹ́líìtì ọ̀gá akànṣẹ́. Tí mo bá ti gbà á, màá bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, màá wá bá bàbá ẹ."

"Kó o wá bá a báyìí ńkọ́, láìsí bẹ́líìtì?"

"Ilé, ọba ló yá wa. Ilé ìwé, ọba ló rán mi lọ. Píánò yìí, bí ọba bá ní òun fẹ́ ẹ lọ́la, wọ́n á gbé e. Ẹ̀ṣẹ́ mi nìkan lẹ́nikẹ́ni ò fún mi. Jẹ́ kí n ní nǹkan kan tó jẹ́ tèmi kí n tó wá tọrọ ọmọ ọlọ́mọ."

Elétí ní òun á wá wo ìjà kẹsàn-án.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Gbọ̀ngán náà ń rùn fún òógùn àti ìpara. Alábẹ́rẹ́ bá a wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn án.

"Ọdún méjì ni mo ti ń tẹ̀ lé ọmọ yìí kiri. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ rán rí. Bí gbogbo wọn bá ń ṣe báyìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Elétí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí agogo lù, kò lè wò ó. Ó di ojú. Ṣùgbọ́n etí ò ní ìpéǹpéjú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, ó gbọ́ èémí. Ó gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ Kọkànlélógún: gbì, ó wọ ikùn ẹni kejì, gbì, ó tún wọ ẹnu rẹ̀, eyín kan bọ́, ó yí gbirigbiri lórí pákó, èrò hó. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ ẹni kejì. Ó yára, ó ró pàà lára Kọkànlélógún, èrò tún kígbe. Àmọ́ ohùn náà kò lára. Ó tẹ́tí sí òmíràn. Kò lára. Ó tẹ́tí sí mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ibi tó ń lọ.

Òòlù tó ń ṣe ojú ayé ni. Ọkùnrin yẹn ń lu Kọkànlélógún láìlù ú. Elétí rántí abẹ́rẹ́ Alábẹ́rẹ́, ó rántí imú tó tọ́ àti ojú tó dán lẹ́yìn ìjà mẹ́jọ. Ní abala kẹrin, ẹni kejì ṣubú tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, kò dìde. Wọ́n gbé Kọkànlélógún sókè. Ó ń wá ojú Elétí láàárín èrò, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣàánú rẹ̀ láyé lọ́jọ́ náà bí obìnrin yẹn.

Nílé ìdáná ilé wọn ni Elétí ti dojú kọ bàbá rẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n máa dá ẹ̀ṣẹ́ dúró fún un?"

Kóòṣì gbé àga kan, ó fọ́ ọ mọ́ ògiri. Ó gbé ìkejì, kò lè fọ́ ọ. Ó jókòó lé e.

"Ààfin rán èèyàn wá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọba ò gbọdọ̀ ta sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn kóòṣì yòókù sọ ọ́. Mo gbà. O rò pé nítorí ọba ni? Nítorí ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Mo ní ó kéré tán, màá kọ́ ẹnì kan tí n kò ní sin."

"Ìjà kẹwàá ńkọ́?"

Ẹni tó kù láti bá jà ni Alápatà, ọkùnrin kan tó fi ọdún méje pa màlúù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. "Mo ránṣẹ́ sí i. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọba, ẹ̀jẹ̀ màlúù, pupa ni méjèèjì."

"Á pa á, Bàbá. Kò tíì jẹ ẹ̀ṣẹ́ gidi rí láyé rẹ̀."

"Bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Má sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo fi ẹ̀gbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Fún ọjọ́ mẹ́rin, Elétí ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sọ. Bó bá sọ, ó ti gba nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ọkùnrin náà. Bí kò bá sọ, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ibojì. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, ó sunkún, ó tiẹ̀ ṣàìsàn irọ́. Kọkànlélógún dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ́ dun òun rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ahọ́n rẹ̀.

"Torí wọn ò lù ẹ́ rí ni," ó ní, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó dijú. Ìwọ lo fẹ́ sọ bí ìjà ṣe rí fún èmi tó jà á."

"Bi bàbá mi."

Wọ́n jọ lọ. Gbọ̀ngán ṣófo, Kóòṣì àti Alábẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, Kóòṣì ń fi aṣọ nu àwọn okùn tó yí ojú ìjà ká. Kọkànlélógún bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gòkè sójú ìjà, ó sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀.

"Ẹ lù mí, sà."

"Máa lọ sílé."

"Mẹ́sàn-án ni mo jà. Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú èyí tí ẹ dá dúró. Ẹ lù mí bí ẹ ṣe máa lu ẹni tí kò bá ọba tan."

Kóòṣì wo ọmọ rẹ̀. Elétí fà sẹ́yìn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni bàbá náà, òun náà sì ti jà rí. Ó wọ àárín okùn, ó yí ìdí, ó ju ẹ̀ṣẹ́, ẹyọ kan péré, láìwọ ìbọ̀wọ́. Imú Kọkànlélógún fọ́, ètè rẹ̀ là. Ó fẹ̀yìn lu okùn, okùn dá a padà, ó balẹ̀ lórí orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́nu àti nímú rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀jẹ̀ náà lórí pákó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíì lé lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó béèrè.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," Kóòṣì ní. Ó ń sunkún.

Alábẹ́rẹ́ ló rán ètè náà. "Má bínú," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "inú mi ò dùn sí i o, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ti ń yún mi."

Kọkànlélógún ò wo Elétí títí ó fi kù díẹ̀ kó jáde. "Màá ja Alápatà," ó ní. "Ìjà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ máa mú aṣọ ìnura dání. Bí ẹnì kan nínú yín bá jù ú sójú ìjà kí wọ́n lè dá ìjà dúró, ẹ̀yin náà ti di ọba lé mi lórí nìyẹn. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní jù ú."

"Mo ṣèlérí," Elétí ní, kò sì purọ́ nígbà yẹn.

*

Alápatà kì í ṣe òṣìkà. Ó bọ Kọkànlélógún lọ́wọ́, ó kí Kóòṣì, agogo lù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Elétí ò di ojú lọ́jọ́ yìí. Ní abala kìíní, ojú òsì Kọkànlélógún wú, ó dí. Ní ìkejì, egungun ìhà rẹ̀ kan ṣẹ́. Elétí gbọ́ ọ kí ẹni tó ni ìhà tó mọ̀. Ní ìkẹta, ó fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó yẹ̀ fún, ìka méjì kán sínú ìbọ̀wọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí aṣọ rẹfirí, ó ta sára àwọn tó jókòó níwájú. Nígbà ìsinmi, Alábẹ́rẹ́ rán an, ó tún un rán. Kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe.

Kóòṣì na aṣọ ìnura sí ọmọ rẹ̀. "Gbà á. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, màá jù ú."

Ó gbà á, ó sì lọ́ ọ mọ́ ọwọ́.

Ní abala kẹrin, bí Alápatà ṣe fẹ́ parí iṣẹ́, ó ṣí ìhà ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọkànlélógún, tó jẹ́ ojú kan ló fi ń ríran, fi ọwọ́ òsì tó ti kán yẹn wọlé síbẹ̀. Gbì. Elétí gbọ́ ọ láàárín gbogbo ariwo. Ohùn náà lára. Alápatà kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí èémí mí. Rẹfirí kà dé mẹ́fà kó tó dìde.

Ní abala karùn-ún, Alápatà san án padà. Kọkànlélógún ò ṣubú, wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Okùn ló gbé e ró. Ẹ̀ṣẹ́ méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Èkeje bà á lẹ́bàá etí òsì, Elétí sì gbọ́ ohùn kan tó rọ̀, tó sì rin. Ohùn tó ti ń jí i lójú oorun láti ọdún mẹ́rin. Ó mọ̀ pé ọ̀kan bẹ́ẹ̀ sí i, ó parí. Ó rántí ìlérí rẹ̀ dáadáa, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó ju aṣọ ìnura náà sójú ìjà.

*

Oṣù mẹ́ta ni kò fi gbúròó rẹ̀. Inú ààfin ò dùn sí ohun tí gbogbo ayé rí. Wọ́n gba ilé tí wọ́n yá Kọkànlélógún àti ìyá rẹ̀, ìyá tó kórìíra ìta kó ẹrù jáde. Kóòṣì ti gbọ̀ngán pa. Elétí ń tún píánò àwọn ẹlòmíì ṣe, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin náà ṣáà wà láàyè, pé ìyẹn ti tó. Kò sì tó.

Àfi bí Alábẹ́rẹ́ ṣe yọjú sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ó ní kó o wá bá òun tún píánò ṣe."

"Ṣé ó ṣì ń bínú?"

"Wọn ò fi ìyẹn rán mi. Àdírẹ́sì ni wọ́n fi rán mi."

Yàrá méjì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Elétí látòkè délẹ̀.

"O ti dé. Tó o bá máa fẹ́ ẹ, tètè fẹ́ ẹ, kí n rí ẹni máa bá mi dí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti sú mi." Ó sì bá tirẹ̀ lọ sí yàrá kejì.

Elétí wo gbogbo yàrá náà. "Píánò dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ." Kọkànlélógún wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Imú rẹ̀ ti wọ́, àpá abẹ́rẹ́ wà níbi mẹ́rin lójú rẹ̀, ìka méjì ọwọ́ òsì ò ká mọ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí wá ni mo fẹ́ tún ṣe?"

"Mi ò rántí ìjà náà," ó ní. "Mo rántí agogo àkọ́kọ́, mo rántí ilé ìwòsàn. Mo bi Alábẹ́rẹ́, ó ní mo jà bí kìnnìún. Mo bi bàbá ẹ, ó ní mo gbìyànjú. Wọ́n ṣì ń dá ẹ̀ṣẹ́ dúró fún mi síbẹ̀." Ó gbójú sókè. "O ṣèlérí, o sì bà á jẹ́. Mo bínú títí ó fi rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi rí. Sọ fún mi. Nínú ẹ̀ṣẹ́ tèmi, ǹjẹ́ ọ̀kan dé?"

Ó rọrùn láti sọ pé mẹ́wàá. Elétí gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀kan," ó ní. "Abala kẹrin. Ọwọ́ òsì, sí ìhà ọ̀tún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, wọ́n kà dé mẹ́fà."

"Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan péré. Ó dé."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ìka tó ń ká àti èyí tí kò ká mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan náà nu ojú.

"Tèmi nìyẹn," ó ní. "Mo wá lè lọ bá bàbá ẹ báyìí."

Elétí bá a dí bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀.